Lórí Ẹgbẹ́ Tí Yóò Ṣe Ìkẹyìn, àti Àbúrò Rẹ Tó Wà Nínú Rẹ̀

Toronto,
Ọ̀sán Sátidé.

Rọ́fíà, Àṣàkẹ́ mi, àkọ́bí mi,

Kú ilé tuntun o, kú iṣẹ́ tuntun. Mo mọ̀ pé bí Bàbá rẹ bá ṣe na àpòòwé yìí sí ọ ní Oakville lọ́la, pẹ̀lú kúlà ọbẹ̀ tí mo ní kó gbé dání, ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ ni pé, kí ló dé tí Mọ́mì ò kàn pè mí. Mo lè pè ọ́. Àmọ́ bí mo bá pè ọ́, èmi á máa sọ Yorùbá, ìwọ á máa fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti ń gbóná díẹ̀ báyìí, wàá ní wọ́n ń pè ọ́ ní òfíìsì. Lẹ́tà ò mọ òfíìsì. Jókòó, bọ́ bàtà, kà á tán kí o tó dá mi lóhùn. Irú ọjọ́ Sátidé báyìí ni mo máa ń kọ́ ọ ní ìwé Yorùbá nígbà tí àwọn ọmọ yòókù nínú bílídìnǹgì wa ń wo kátúùnù, o sì máa ń ṣu ẹnu jọ sí mi. Òní ni mo fẹ́ jẹ èrè ẹ̀.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó wà ní ṣífútì ní Vaughan, ní wẹ́ẹ̀háòsì tó ti ń tún fọ́kílífútì ṣe. Kó tó jáde, ó ní, "Ìyá Rọ́fíà, má jẹ́ kó gùn jù o," mo ní mo ti gbọ́. Mi ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Àwọn àgbàlagbà tí mò ń bójú tó ní ilé ìtọ́jú wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn títí di ọjọ́ Ajé. Ẹ̀wà wà lórí iná, oòrùn wà ní bálíkónì, ara mi yá gágá. Inú mi dùn sí ọ, Rọ́fíà. Mo fẹ́ kí èyí kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ létí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ lé ọ lórí.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí bírò ni èyí tí a sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ pé mo fetí sí i. O ti gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ìròyìn eré ìdárayá àwọn yunifásítì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fà lé ọ lọ́wọ́, básíkẹ́ẹ̀tì yìí náà tí o ti ń wò láti kékeré. Ìpín-ìpín ni wọ́n pín àwọn yunifásítì sí, àwọn tó wà ní ìpín kan á sì máa bá ara wọn gbá a títí ọdún á fi parí. Kí eré ọdún tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé ló máa ń sọ ẹni tó máa ṣe kìíní. Ọ̀gá tiyín ní kí ẹ̀yin sọ ẹni tó máa ṣe ìkẹyìn, nítorí ìyẹn làwọn èèyàn máa ń sáré kà. Mi ò bá ọ̀gá yín jiyàn. Èmi náà á kà á.

Wọ́n wá gbé ìpín tí Wàrísì àbúrò rẹ wà fún ọ. O wo gbogbo ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ síwá sẹ́yìn, o sì rí i pé ẹgbẹ́ Wàrísì ló máa gbé ìsàlẹ̀ pátápátá. O bi mí pé ṣé kí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àbí kí o fi ẹgbẹ́ mìíràn rọ́pò, àbí kí o tilẹ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí àbúrò rẹ má bàa dì ọ́ sínú. Ọjọ́ Fráídè tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ. Èmi wá ní, "Má fi ẹnu rẹ sọ ọ́," mo sì pa fóònù.

Ìdáhùn yẹn ò dáa tó. Ẹnu mi ló yára. Ìwọ náà mọ ilé tí mo ti wá, o sì mọ ilé tí mo tọ́ ọ sí. Bí o bá ní o máa fèèlì ìṣirò, màá ní kí o tètè yí i padà, kí o sọ pé o máa pàásì. Bí ara bá ń gbóná fún ọ, màá ní ara rẹ ti yá. Ní abúlé ìyá mi, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a kì í pe ejò ní orúkọ ẹ̀, okùn la máa ń pè é. Ìyá mi á rọra sọ pé, "Okùn kan kọjá lẹ́bàá àdògán o." Ṣùgbọ́n mo rántí dáadáa pé bó bá ti wí bẹ́ẹ̀ tán, á gbé àtùpà, á mú igi lọ́wọ́, á sì lé gbogbo àwa ọmọ wọlé. Orúkọ tó fún un ò ní kó má mọ ohun tó rí. Èmi ni mo kó okùn yẹn dé Toronto, tí mo gbàgbé àtùpà sílé. Nítorí náà jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ mi tò.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé ẹnu rẹ ò gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí o bá kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ kan máa ṣe ìkẹyìn, ìwọ kọ́ lo máa bá wọn ju bọ́ọ̀lù síta. Èpè yàtọ̀, àsọtẹ́lẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣépè ń fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ìwọ ń wò ó, o sì ń sọ ohun tí o rí. Mo mọ̀ pé o gbọ́n ju kí n máa ṣàlàyé èyí fún ọ lọ, àmọ́ èmi ni mo gbin ẹ̀rù yẹn sí ọ lára, ó yẹ kí n bá ọ yọ ọ́.

Bóyá tí mo bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárín àwa ìyá mọ́sáláṣí fún ọ, ẹ̀rù náà á fò lọ. Bàbá rẹ ti ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ kúkú kì í ṣe ẹnikẹ́ni. O rántí èyí tí wọ́n fi dán ọ wò kí wọ́n tó gbà ọ́, tí o kọ nípa ìpín kejì, tí o ní ẹgbẹ́ tó ń wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn ló máa ṣe ìkẹyìn. Nígbà tó jáde, inú mi dùn débi tí mi ò lè jókòó. Mo gbé e sórí Wásáàpù àwa ìyá mọ́sáláṣí. Mo kọ ọ́ sókè pé, "Ẹ bá mi dúpẹ́. Ọmọ mi Rọ́fíà ti kọ̀wé jáde. Ó ní ẹgbẹ́ yìí ló máa ṣe ìkẹyìn lọ́dún yìí."

Àwọn ìyá wa, o mọ̀ wọ́n. Ohunkóhun tó bá ti bọ́ síbẹ̀, àdúrà ni. Ẹnì kan ní, "Àmín." Ẹlòmíràn ní, "Àmín, lágbára Ọlọ́run." Ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láti ṣífútì òru ní, "Àmín, àti ti àwọn ọmọ tiwa náà." Àmín ń rọ̀ bí òjò. Kò sí ẹni tó kà á nínú wọn. Èmi fúnra mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń sọ pé Ọlọ́run á gbà á. Àfìgbà tí Àlhájà Sàríyù, èyí tó ń gbé ní Courtice, kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, ọmọ mi wà nínú ẹgbẹ́ yẹn o."

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa Àmín wọn rẹ́. Ojú tì mí débi pé mo gbé fóònù sínú dúrọ́ọ̀, bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wò mí. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá rẹ wà mí lọ sí Courtice, mo gbé mọ́ínmọ́ín dání, mò ń to ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu láti ilé títí dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Àlhájà ṣílẹ̀kùn fún wa, ó gba mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jókòó tán, mo ní, "Àlhájà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ò mọ̀ pé ọmọ yín wà níbẹ̀." Ó ní, "Ìyá Rọ́fíà, ohun tí Rọ́fíà kọ ò dùn mí. Mo ti kà á. Ọmọ mi náà kà á, ó ní òótọ́ ló kọ, pé bó bá ti rẹ àwọn ni àwọn ń yọ ọwọ́. Ohun tó dùn mí ni pé láàárín ọjà ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ mọ nọ́ńbà mi. Ká ní ẹ pè mí ṣáájú, kí ẹ ní, 'Àlhájà, báyìí lọmọ mi ṣe rí i,' ǹ bá ti bá yín rẹ́rìn-ín." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. A jẹun, a kírun pọ̀, a sì wá sílé. Ọ̀rẹ́ ṣì ni wá, ó tún jinlẹ̀ sí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ọ pé kí ẹ tó tẹ ohunkóhun jáde lọ́jọ́ Fráídè, pe Wàrísì. Má fi tẹ́sì ránṣẹ́. Pè é, kí o sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ohùn rẹ, kó tó kà á níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Bó bá bínú, kó bínú sí ọ létí, níbi tí o ti lè dá a lóhùn.

Ìmọ̀ràn tó kàn: wò ó dáadáa kí o tó to èèyàn. Ṣé mo ti sọ bí Bàbá rẹ ṣe di ọkọ mi fún ọ rí? Mo ti sọ díẹ̀, mi ò sọ ibi tó dùn níbẹ̀. Nígbà tí mo wà nílé ìwé ní Ìbàdàn, ọkùnrin mẹ́ta ló ń wá kí mi. Àwa ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé yàrá á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, a máa ń tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ fóòkìsi ló wà lókè. Ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ ló ṣe ìkejì. Bàbá rẹ ló gbé ìsàlẹ̀, kò tilẹ̀ sí àríyànjiyàn. Bàtà ẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ, bóyá ó yá a ni. Kì í sọ̀rọ̀. Bó bá dé, á kí wa, á jókòó, á máa wo fáànù.

Kí ló ń wò lára fáànù? Ó ń gbọ́ ìró tó ń ṣe ni. Lọ́jọ́ kan, ó kàn dìde, ó gun àga, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì lọ sílé ẹ̀. Oorun tí a sùn lọ́jọ́ yẹn, Rọ́fíà, mi ò gbàgbé ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wò ó lójú mìíràn. Ẹni tó ń wa fóòkìsi kò rí nǹkan kan ju ojú ara ẹ̀ lọ nínú díńgí ọkọ̀. Mo ti wo bàtà, mi ò wo ọwọ́. Bàbá rẹ mọ gbogbo ẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ní kó lọ da pàǹtí nù, á ní, "Ẹni ìkẹyìn ti ń lọ o." Inú mi máa ń dùn bó bá ti wí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, má wo jẹ́sì ẹgbẹ́ kankan, má wo orúkọ yunifásítì wọn. Jókòó wo eré tí wọ́n gbá lọ́dún tó kọjá, kí o rí ẹni tó ń sá padà wá dáàbò bo ilé nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́, àti ẹni tó ń fi ọwọ́ lé ìdí. Bí o bá ti wò ó tí ojú rẹ sì dá a mọ̀, ìgbà yẹn ni kí o kọ̀wé. Bó bá wá já sí òdìkejì, kí o jáde sọ pé o ṣì í. Kò ní pa ọ́. Èmi ṣì í, wo ilé tí mo wà lónìí.

Mo tún fẹ́ kí o máa sọ ìdí. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, ọjọ́ tí a bá fẹ́ gba ìsinmi, wọ́n máa ń kó gbogbo ilé ìwé jọ sábẹ́ igi, tísà á máa pe ipò wa láti orí kìíní títí dé orí ẹni ìkẹyìn. Àwọn òbí á wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó ń jẹ́ Múínátù, òun ló máa ń ṣe ìkẹyìn. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ ẹ̀, gbogbo wa á hó yèè, tísà náà á sì rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tí a gba tísà tuntun, obìnrin ni, ó pe Múínátù ní ìkẹyìn bí àwọn yòókù ti máa ń ṣe. Ó wá dúró, ó ní, "Múínátù ò wá sílé ìwé nígbà ìkórè. Ohun tó kọ́ lẹ́yìn tó padà dé, ó mọ̀ ọ́n." Kò sí ẹni tó hó. Ipò ẹ̀ ò kúrò níbi tó wà, síbẹ̀ Múínátù gbé orí sókè rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀. Mo fẹ́ kí o kọ̀wé bíi ti tísà yẹn. Ẹni tí o bá fi sí ìkẹyìn, kí ó rí i kà pé o mọ ohun tó gbé e débẹ̀, kó má sì rí ibì kan tí o ti fi í ṣẹ̀sín.

Mo ti gbàgbé èwo ni mo kà sí ìkejì àti ìkẹta. Bàbá rẹ ló máa ń ka nọ́ńbà.

Ó wá ku èyí tó ṣòro. O ní bóyá kí o fi ẹgbẹ́ mìíràn rọ́pò ẹgbẹ́ Wàrísì. Mo ti rò ó, mo rò ó nígbà tí mò ń wẹ ìyá arúgbó kan ní ibi iṣẹ́, mo rò ó nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ tí o fẹ́ gbé lọ síbẹ̀ yẹn, wọ́n ní ìyá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn lè wà ní Courtice, kó máa ka ìwé rẹ lórí fóònù. Kí ni o máa sọ fún un? Pé ọmọ ẹ̀ ò tíì tó ẹni à ń fi sí ìkẹyìn, ṣùgbọ́n àbúrò tìrẹ lo fẹ́ gbà sílẹ̀? Mo fẹ́ràn Wàrísì ju ojú mi méjèèjì lọ. Síbẹ̀ mi ò fẹ́ kí o gbé ọmọ ọlọ́mọ sí ààyè ẹ̀. Èyí dá mi lójú, mi ò sì ní yí i padà.

Kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Rárá o. Ta lo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún? Lọ bá ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ Ajé, kí o sọ fún un pé àbúrò rẹ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Bó bá gbé e fún ẹlòmíràn, gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o ṣe ìpín mìíràn. Bó bá ní kí o máa ṣe é lọ, kọ ọ́ sí òkè ìwé náà gbangba pé àbúrò rẹ ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kí ẹni tó bá ń kà á lè mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ohun tí àwọn èèyàn bá kọ sábẹ́ ẹ̀, má kà á. Mo mọ̀ pé o máa kà á. Jẹun kí o tó kà á.

Kí n má gbàgbé, Bàbá rẹ ní kí o tètè pààrọ̀ táyà ọkọ̀ rẹ sí ti ìgbà òtútù, kí o má dúró dìgbà tí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ti ṣe lọ́dún tó kọjá. Máa kírun lásìkò. Ilé kọ́ndò tí o gbà yẹn kéré, àmọ́ ó ní fèrèsé tó dáa, gbé àwọn òdòdó kan síbẹ̀. Ọmọkùnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tí o dárúkọ ẹ̀ fún mi nígbà mẹ́ta láàárín ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan. Mo kàn ń sọ pé mo gbọ́.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ ohun tó mú kí ọkàn mi balẹ̀ tó báyìí. Wàrísì wá sílé lánàá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Aṣọ ló kó wá fọ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Mo gbé ìrẹsì sí i níwájú. Mi ò ní í lọ́kàn láti sọ nǹkan kan, nítorí ọwọ́ rẹ lọ̀rọ̀ náà wà. Òun fúnra ẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, èmi ni mò ń yí i padà fún ọ. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé Àǹtí Rọ́fíà ló máa kọ ti ìpín wa lọ́dún yìí?"

Mo ṣe bíi pé mò ń wá iyọ̀. Mo ní, "Báwo lẹ ṣe ń múra sí i?"

Ó ní, "A ò dáa lọ́dún yìí, Mọ́mì. Ẹni tó ga jù nínú wa ti lọ sí yunifásítì mìíràn. Orúnkún ẹni tó ń darí eré wa ò tíì jinná. Kóòṣì wa tuntun ni, kò tíì mọ orúkọ gbogbo wa."

"Ta lo wá rò pé ó máa ṣe ìkẹyìn?"

Ó bu ìrẹsì sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán kó tó dáhùn. Ó ní, "Àwa ni."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, Rọ́fíà, láìfa ojú ro. Mo jókòó tì í. Mo ní, "Tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá wá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé kà ńkọ́?"

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wò mí bíi pé mi ò mọ àwọn ọmọ tí mo bí. Ó ní, "Mọ́mì, tó bá fi ẹlòmíràn síbẹ̀ ni mo máa bínú. Bí mo bá gbá ìgbákúgbà, ẹ̀yin á ní mo ṣe dáadáa. Dádì á ní rẹfurí ni. Àǹtí Rọ́fíà nìkan ló máa ń sọ fún mi nínú ọkọ̀, tí a bá ń padà sílé, pé ọwọ́ òsì mi ò dáa. Mo máa ń sunkún, ẹ ò rántí? Ọwọ́ òsì yẹn ni wọ́n fi mú mi ní yunifásítì. Tó bá gbé wa sókè nítorí mi, ẹnu ta ni mo ti máa gbọ́ òótọ́ mọ́?"

Mo bu ẹran kún ìrẹsì ẹ̀, mo lọ yọ aṣọ ẹ̀ nínú máṣíìnì, mo sì sunkún díẹ̀ níbẹ̀. Ẹkún ìdùnnú ni. Mo bí ọmọ méjì tí wọ́n mọ ara wọn.

Nítorí náà kọ ọ́, ọmọ mi. Kọ ọ́ bí o ṣe rí i, sọ ìdí ẹ̀, kí o sì kọ́kọ́ pè é. Ó ń retí ìpè rẹ. Bí eré wọn bá bẹ̀rẹ̀, èmi àti Bàbá rẹ á wà níbẹ̀, a ti gba ààyè sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣe ìkẹyìn, àwa náà á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí ẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú rẹ máa ríran, kó sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa le láti kọ ohun tí ojú rẹ bá rí. Èmi ni ìyá rẹ, tó bí ọ, tó sì bí Wàrísì. Bó bá tún gbá ìgbákúgbà, màá sọ fún un pé ó ṣe dáadáa. Sọ òótọ́ fún un, ìwọ.

Ìyá rẹ.